Kí Rírò Padà Sínú Àròkọ

  

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni a fẹ́ tú wò lónìí. Ọ̀rọ̀ náà ni àròkọ. Bí a bá tú u palẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ti máa ń ṣe, a ó rí àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ à-, a ó rí ọ̀rọ̀-ìṣe rò, a ó sì rí ọ̀rọ̀-ìṣe kọ. Ohun tí ènìyàn rò kí ó tó kọ ọ́ ni àròkọ. Ẹni tó dá ọ̀rọ̀ náà fi rò ṣíwájú kọ, kò sì ṣèèṣì. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá wọ ọ̀pọ̀ kíláàsì Yorùbá ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama wa lónìí, kíkọ nìkan ni yóò bá níbẹ̀. Rírò kò sí nílé.

Ẹ gba ìwé Yorùbá ọmọ yín, kí ẹ ṣí i wò. Ẹ ó rí i pé ó mọ orúkọ gbogbo ẹ̀yà àròkọ: oníròyìn, aṣàpèjúwe, alálàyé, alárìíyànjiyàn, onísọ̀rọ̀-n-gbèsì, lẹ́tà gbẹ̀fẹ́ àti lẹ́tà àìgbẹ̀fẹ́. Ó mọ̀ pé àdírẹ́sì kan ni ti gbẹ̀fẹ́, pé méjì ni ti àìgbẹ̀fẹ́. Kò sí ohun tó burú nínú èyí. Ṣùgbọ́n ẹ ní kí ó fi ojú-ewé kan sọ bí ilé ìyá rẹ̀ àgbà ti ń rí ní ìdájí ọjọ́ ọdún: ohun tí imú ń gbọ́, ohun tí etí ń gbọ́, ẹni tó kọ́kọ́ jí, ẹni tí kò fẹ́ jí. Ẹ ó rí i tí yóò máa wo yín lójú.

Ìdí ni pé àpẹẹrẹ ni a fi kọ́ ọ. Ó há àpẹẹrẹ sórí, ó sì dà á sílẹ̀ ní gbọ̀ngàn ìdánwò. Bí a bá ní kí ogójì ọmọ kọ àròkọ lórí ọdún ìbílẹ̀ kan ní ìlú wọn, ìbẹ̀rẹ̀ kan náà àti ìparí kan náà ni a ó bá nínú púpọ̀ nínú ìwé wọn. Ọdún náà kò ní ìlú, kò ní agbo ilé, kò ní ìlù tó ní orúkọ. Egúngún tó jáde nínú rẹ̀ lè jẹ́ ti ibikíbi. Kì í ṣe Ẹlẹ́wẹ̀ tí a mọ̀ ní Ìlá, ní Òkè-Ìlá àti káàkiri ilẹ̀ Ìgbómìnà, tí ijó rẹ̀ àti òkìtì rẹ̀ ń mú kí ọmọdé gbàgbé oúnjẹ. Ọmọ tó ti tẹ̀ lé Ẹlẹ́wẹ̀ yí ìlú ká láti kékeré jókòó, ó sì kọ egúngún tí kò rí rí, nítorí pé ohun tó rí kò sí nínú ìwé àpẹẹrẹ.

Èyí ni ohun tí a ní láti sọ: ẹ̀kọ́ ìkọ̀wé àtinúdá kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́ tí a fi ń kún àkókò lẹ́yìn tí a bá ti kọ́ gírámà tán. Òun ni ibi tí ọmọ ti ń kọ́ bí a ti ń sọ pé, “Báyìí ni ó rí ní ọ̀dọ̀ wa.” Ọmọ tí kò bá lè kọ ilé ara rẹ̀ sílẹ̀, ẹlòmíràn ni yóò bá a kọ ọ́, ohun tí ó bá sì wu ẹlòmíràn náà ni yóò pè é. Àwa oníṣẹ̀ṣe mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ. Sinimá ló ń kọ babaláwo fún àwọn ọmọ wa: ọkùnrin tó fi ẹfun kun ojú, tó jókòó sínú ihò, tó ń pariwo, tó ń béèrè orí ènìyàn. Ọmọ tí baba rẹ̀ jẹ́ awo wo sinimá náà, ó wo baba rẹ̀ tó ń pọn ọmọ kékeré sẹ́yìn nígbà tí ìyá ọmọ lọ sí ọjà, kò sì rí ibi kankan tí a ti kọ èkejì yìí sílẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọ̀rọ̀ yìí ju agbára ilé-ẹ̀kọ́ lọ. Ọwọ́ olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ni púpọ̀ nínú lítíréṣọ̀ àpilẹ̀kọ Yorùbá ti jáde. Olùkọ́ ni D. O. Fágúnwà. Láti 1930 sí 1939, àwọn ọmọdé ni ó ń kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ tó so mọ́ Kọ́lẹ́ẹ̀jì St. Andrew's ní Ọ̀yọ́. Ní 1936, ẹ̀ka ìjọba tó ń rí sí ètò-ẹ̀kọ́ gbé ìdíje ìkọ̀wé kalẹ̀. Ìwé tí Fágúnwà kọ fún ìdíje náà ló di Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí ilé ìtẹ̀wé CMS gbé jáde ní 1938. Olùkọ́ ni J. F. Ọdúnjọ, ẹni tó kọ àwọn ìwé Aláwíyé. Akẹ́kọ̀ọ́ ni Akínwùmí Ìṣọ̀lá ṣì jẹ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn nígbà tí ó kọ Ẹfúnṣetán Aníwúrà ní nǹkan bí 1961 sí 1962. Ní 1966, eré náà gba ẹ̀bùn nínú ìdíje Ẹgbẹ́ Ìjìnlẹ̀ Yorùbá. Kò sí àràmàǹdà kan nínú ìtàn yìí. Ẹnì kan béèrè fún iṣẹ́, ẹnì kan ṣe é, ẹnì kan kà á, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde.

Ẹ jẹ́ kí a tún wo orúkọ Fágúnwà fúnra rẹ̀. Ifá ló ṣíwájú nínú orúkọ ìdílé náà, Oròwọlé sì wà lára orúkọ tí òun gan-an ń jẹ́. Onígbàgbọ́ ni, ìwàásù sì kún inú ìwé rẹ̀ dáadáa. Síbẹ̀, igbó tí ó mú òǹkàwé wọ̀ kò jọ igbó ilẹ̀ òkèèrè. Ọdẹ wà níbẹ̀, ọfọ̀ wà níbẹ̀, irúnmalẹ̀ wà níbẹ̀. Ohun tí ó bá ní ilé ni ó fi kọ́ ilé tirẹ̀. A kò ní láti gba ìwàásù rẹ̀ gbọ́ kí a tó rí i pé kò tijú ohun tí etí rẹ̀ gbọ́ ní Òkè-Igbó.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ilé-ẹ̀kọ́ girama kan pè wá láti wá bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àgbà sọ̀rọ̀ nípa ìkọ̀wé. A ní kí wọ́n kọ ojú-ewé kan lórí bí òwúrọ̀ ọjọ́ tí kò sí ilé-ẹ̀kọ́ ti máa ń rí ní ilé wọn. Ọmọbìnrin kan wà láàárín wọn tí a mọ baba rẹ̀. Awo ni baba náà, a sì jọ ń jókòó ní ìdí Ifá. Ohun tí ọmọ náà kọ ni pé bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, gbogbo ilé wọn ni ó ń múra ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí àwọn yòókù jáde, a bi í bóyá bẹ́ẹ̀ ni ó rí. Ó wolẹ̀. Ó ní, “Rárá o, sà. Ṣùgbọ́n tí mo bá kọ ti ilé wa, wọn ò ní fún mi ní máàkì, wọ́n á tún máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.”

A bẹ̀ ẹ́ pé kí ó tún un kọ, kí ó kọ èyí tó rí bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ó mú ojú-ewé méjì wá. Ó kọ nípa ọjọ́ ọ̀sẹ̀ Ifá kan tó bọ́ sí Sátidé. Ó gbọ́ ìró ikin lọ́wọ́ baba rẹ̀ láti ẹ̀yìn ògiri. Wọ́n rán an ní obì, ó sì ra gbànja bọ̀ dípò àbàtà, nítorí pé ọkàn rẹ̀ wà lórí orin kan tí ó gbọ́ ní ìsọ̀ alájé. Ìyá rẹ̀ bá a wí. Baba rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n fi gbànja náà ṣe àlejò, kí ọmọ náà padà lọ ra olójú mẹ́rin. Kò sí ìwàásù kankan nínú iṣẹ́ náà. Kò yin Ifá, kò sì bú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kà á kò ní í lè padà gba babaláwo inú sinimá gbọ́ bíi ti àtẹ̀yìnwá. Ojú-ewé méjì péré ṣe ohun tí ìpàdé oníròyìn mẹ́wàá kò lè ṣe fún wa.

Òfin kò lòdì sí ọmọ yẹn. Abala 38 ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 fún olúkúlùkù ní òmìnira ẹ̀sìn, ó sì sọ pé a kò gbọdọ̀ fi dandan kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹ̀sìn tí kì í ṣe tirẹ̀. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ń fún wa ní ìsinmi Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe ní 20 oṣù Kẹjọ. UNESCO pẹ̀lú ti kéde Ifá ní 2005 gẹ́gẹ́ bí ogún tó yẹ kí gbogbo ayé dáàbò bò. Gbogbo èyí dára, àwọn tó jà fún un sì ṣe iṣẹ́ ribiribi. Ṣùgbọ́n ìsinmi ọjọ́ kan kò lè wo ìtìjú tí ọmọ ń gbé lọ sí kíláàsì ní gbogbo ọjọ́ yòókù. Òfin lè sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe di ọmọ lẹ́nu. Kò lè kọ́ ọmọ ní ohun tí yóò sọ. Olùkọ́ ni yóò kọ́ ọ.

Kò sí ibi tí ẹ̀kọ́ yìí ti yẹ kí ó rọrùn tó ilẹ̀ wa. Ẹ wo ohun tó wà nílẹ̀. Wọ́n ní Odùduwà fún Ajàgunnlà, Ọ̀ràngún àkọ́kọ́, ní àdá kan tí ń jẹ́ Ogbó, pé àdá náà ló ń la ọ̀nà fún un, pé “Ogbó mi mọ ọ̀nà” ló sì di Ìgbómìnà. Onímọ̀ èdè lè jiyàn lórí bóyá bẹ́ẹ̀ ni orúkọ náà ṣe ṣẹ̀ lóòótọ́. Iṣẹ́ òǹkọ̀wé yàtọ̀. Òǹkọ̀wé yóò béèrè pé: ta ló di àdá náà mú nígbà tí ọwọ́ ọba bó? Ta ló rẹ̀ lójú ọ̀nà, tó fẹ́ padà sí Ifẹ̀? Kí ni ìyàwó kan gbé sórí nínú gbogbo ìrìn àjò náà tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun rù? Ọmọ tó bá dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí kò yí ìtàn padà. Ó wọ inú rẹ̀ ni.

Ìtàn tún sọ pé láti Ìlá-Yàrà ni àwọn ọmọ ọba ti pínyà, tí apá kan fi tẹ Ìlá-Ọ̀ràngún dó, tí apá kejì fi tẹ Òkè-Ìlá dó, tí ìlú méjèèjì fi ní Ọ̀ràngún títí di òní. Àwọn àgbà ti fi ọ̀rọ̀ yìí jiyàn títí. Bí a bá ní kí ọmọ Ìlá kọ ọ́ bí ẹni pé ọmọ Òkè-Ìlá ni òun, kí ọmọ Òkè-Ìlá náà kọ ọ́ ní ohùn ọmọ Ìlá, àwọn méjèèjì yóò kọ́ ohun tí iyàn jíjà kò lè kọ́ wọn. Ní Òkè-Ìlá kan náà ni omi Àyìkúnnugbá ti ń já láti orí àpáta. Mélòó nínú àwọn ọmọ tó ń gbé nítòsí rẹ̀ ni ó ti fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ṣàpèjúwe ìró rẹ̀?

Bí a bá sọdá sí Kwara, a ó bá Ẹ̀sìẹ́, ìlú Ìgbómìnà tí ère òkúta rẹ̀ lé ní 1,000. Alábòójútó ilé-ẹ̀kọ́ kan láti ọ̀dọ̀ ìjọ CMS, H. G. Ramshaw, ni ó fi ọ̀rọ̀ wọn tó àwọn aláwọ̀ funfun létí ní 1933; ní 1945 ni a ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé síbẹ̀, èyí tó jẹ́ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ará ìlú ní àlejò ni wọ́n nígbà kan rí, pé wọ́n di òkúta. Àwọn awalẹ̀pìtàn ní tiwọn kò tíì fẹnu kò lórí ẹni tó gbẹ́ wọn. Ibi tí ìmọ̀ ti dúró yẹn ni ìtàn àròsọ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ kó kíláàsì kan lọ síbẹ̀, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ère kan ṣoṣo, kí ó kọ ohun tí ère náà ń ṣe ní ìṣẹ́jú tó ṣíwájú èyí tó di òkúta.

Àwọn ẹlòmíràn ti rí ọrọ̀ yìí tipẹ́. John Pemberton, olùkọ́ ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Amherst ní Amẹ́ríkà, wá sí Ìlá, ó wo àwọn ọdún wa, òun àti Fúnṣọ́ Afọláyan sì kọ ìwé ńlá kan lórí oyè ọba ní Ìlá, tí a tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 1996. Iṣẹ́ gidi ni, a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, àwọn ọ̀mọ̀wé ni wọ́n sì kọ ọ́ fún. Kò yẹ kí ó jẹ́ pé òun nìkan ni ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọjọ́ ọdún ti rí ní Ìlá yóò máa lọ kà. Ó yẹ kí ó tún lè rí ìwé pẹlẹbẹ kan tí àwọn ọmọ Ìlá fúnra wọn fi èdè wọn kọ.

Àkókò tí a wà kò fàyè gba ìjáfara. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé èdè abínibí ni kí a máa fi kọ́ ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn náà, ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, mínísítà ètò-ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde pé wọ́n ti fagi lé e, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa lò. Àwa tí a mọ iṣẹ́ ìwádìí tí Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970, níbi tí àwọn ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ fún ọdún mẹ́fà ti ṣe dáadáa, títí kan Gẹ̀ẹ́sì gan-an, a kò lè gbà pé ìpinnu yìí tọ̀nà. A ó máa bá ìjiyàn náà lọ níbi tó yẹ. Ṣùgbọ́n ìkéde yẹn kò yọ Yorùbá kúrò gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tí a ń kọ́. Wákàtí Yorùbá díẹ̀ tó kù lórí tábìlì àkókò ti di ohun iyebíye. Bí a bá lo wákàtí wọ̀nyẹn láti da àpẹẹrẹ kọ, kì í ṣe mínísítà ló pa èdè náà ní kíláàsì wa.

Ngũgĩ wa Thiong'o ará Kẹ́ńyà, tó papò dà ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, kọ nípa bí wọ́n ti ń na àwọn ọmọ tó bá sọ èdè Gĩkũyũ ní ilé-ẹ̀kọ́ nígbà tí ó wà ní kékeré. Nígbà tí ìjọba fi í sẹ́wọ̀n ní 1977, ó pinnu pé èdè ìyá òun ni òun yóò máa fi kọ ìtàn, ó sì kọ ọ́ sórí ìwé ìnùdí nínú ẹ̀wọ̀n. Àwọn ọmọ wa kò sí nínú ẹ̀wọ̀n. Ìwé wà, bírò wà, fóònù tó lè gba ohùn sílẹ̀ wà lọ́wọ́ púpọ̀ nínú wọn. Ẹni tí yóò sọ fún wọn pé ọ̀rọ̀ ilé wọn tó ohun tí à ń kọ ni kò tíì tó.

Báwo ni a ó ṣe wá kọ́ wọn? Ohun mẹ́rin ni a mú wá síwájú ẹ̀yin olùkọ́.

Èkíní, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ bi àwọn òbí rẹ̀ ohun tó ṣẹlẹ̀ kí a tó sọ ọ́ ní orúkọ tó ń jẹ́, kí ó sì kọ ọ́ bí ìtàn. Yóò rí ilé tí Fá-, Ògún- tàbí Èṣù- ti di Olú- tàbí Jésù-. Kí olùkọ́ má dá ẹjọ́. Kí ọmọ kọ ọjọ́ tí wọ́n pa orúkọ náà dà: ẹni tó fẹ́ ẹ, ẹni tí kò fẹ́ ẹ, ẹni tó ṣì ń fi ti àtijọ́ pe ara rẹ̀ ní kọ̀rọ̀.

Èkejì ni oríkì orílẹ̀. Kí ọmọ gba ohùn ìyá àgbà sílẹ̀ sórí fóònù, kí ó dà á kọ, kí ó sì fi àmì ohùn sí i. Iṣẹ́ àmì ohùn tí àwọn ọmọ kà sí ìyà yóò ní ìtumọ̀ níbẹ̀. Ìlá ni ìlú wa, ilá ni à ń sè lọ́bẹ̀, ilà ni à ń kọ sójú. Ẹni tó bá kọ wọ́n láìsí àmì kò ì tíì sọ èyí tí ó ń wí. Lẹ́yìn tí ó bá ti da ti ìdílé kọ tán, kí ó wá kọ oríkì tuntun fún ẹnì kan tí kò ní oríkì: ọlọ́kadà tó ń gbé e lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, tàbí ìyá tó ń ta ẹ̀wà lẹ́nu géètì.

Ẹ̀kẹta ni ẹ̀ka-èdè. Èdè àjùmọ̀lò ni ìdánwò ń fẹ́, a kò sì ní kí ọmọ fi máàkì rẹ̀ ṣòfò. Ṣùgbọ́n nínú ìtàn, ẹni tó ń sọ ìtàn lè lo èdè àjùmọ̀lò, kí bàbá àgbà inú ìtàn náà sì la ẹnu rẹ̀ sọ Ìgbómìnà bí ó ti ń sọ ọ́ ní ilé. Ọmọ yóò wá mọ̀ pé ẹ̀ka-èdè òun kì í ṣe àṣìkọ. Èdè tó ní ipò tirẹ̀ ni, òun náà sì mọ ibi tí ipò náà wà.

Ẹ̀kẹrin ló ṣòro jù: kí ọmọ kọ ní ohùn ẹni tí kò jọ òun. Kí ọmọ Mùsùlùmí kọ ohùn ìyàwó ilé egúngún. Kí ọmọ onígbàgbọ́ kọ ohùn ọmọ awo ní ọjọ́ ìtẹ̀fá. Kí ọmọ awo náà kọ ohùn ọmọkùnrin tó ń lu ìlù ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ ara wọn kí wọ́n tó kọ. Bí olùkọ́ bá ń gba máàkì sílẹ̀, kí ó fún ohun tí ojú rí, ohun tí etí gbọ́, ọ̀rọ̀ tó gún àti àmì ohùn tó pé. Kò sí máàkì fún ẹ̀sìn, kò sì sí máàkì tí a ó yọ nítorí rẹ̀.

Níbi tí a dé yìí, ó yẹ kí a yí ojú sí ara wa, àwa oníṣẹ̀ṣe. Nígbàkígbà tí a bá sọ pé kí àṣà wọ ilé-ẹ̀kọ́, ọ̀pọ̀ nínú wa ń fi ọkàn fẹ́ kí ọmọ máa yin wá. A fẹ́ kí ó kọ pé awo kì í ṣèké, pé kò sí ohun tó burú ní ayé àtijọ́. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìwàásù ni a fi rọ́pò ìwàásù. Ọmọ yóò sì tún há a sórí bí ó ti há tàná. Lítíréṣọ̀ kì í ṣe oríyìn nìkan. Ìyálóde gidi ni Ẹfúnṣetán ní Ìbàdàn, ṣùgbọ́n Ìṣọ̀lá kò fi eré rẹ̀ jọ́sìn fún un. Ìkà àti ìrora ni ó fi hàn wá. Títí di òní ni àwọn ènìyàn ń jiyàn bóyá ó ṣe ẹ̀tọ́ sí i. Ìjiyàn yẹn wà lára ohun tó jẹ́ kí a máa rántí ìyá náà.

Nítorí náà, bí ọmọ awo bá kọ pé ẹ̀rù ń ba òun ní igbódù, tàbí pé inú bí òun nítorí pé baba òun fi owó ilé-ẹ̀kọ́ ra ewúrẹ́ ìrúbọ, kí a má ṣe gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀. Kí a kà á. Ó lè jẹ́ pé a ní nǹkan láti kọ́ níbẹ̀. Ohun tí ó bá jẹ́ awo yóò wà ní awo. Kò sí ọmọ tí a ní kí ó tú u síta, kò sì sí olùkọ́ tó ní ẹ̀tọ́ láti béèrè rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlù tó ń dún ní gbangba, aṣọ tí gbogbo ìlú rí, ẹ̀kọ tí a pín, ẹ̀rín baba, ẹkún ìyá, ìwọ̀nyí kì í ṣe awo. Ti ọmọ náà ni wọ́n. A máa ń sọ pé Ọ̀ràngún Méjì, orúkọ mìíràn tí Òfún Méjì ń jẹ́, ń jẹ́ orúkọ kan náà pẹ̀lú oyè ọba wa. Inú wa ń dùn sí ìyẹn. Ẹ jẹ́ kí inú wa tún dùn sí i pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún kan lè bi wá ní ìdí rẹ̀, kí ó sì kọ bí ìdáhùn wa ti rí létí rẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ wa kò pọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ àwọn olùkọ́ ọ̀la ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ẹ̀kọ́ Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní Ìlá-Ọ̀ràngún, ẹ jẹ́ kí olùkọ́ Yorùbá kọ ìtàn tirẹ̀ kí ó tó jáde. Ẹni tí kò kọ rí kò lè kọ́ni ní kíkọ. Ẹ̀yin ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, ẹ fún wọn ní ògiri kan tí wọn yóò máa lẹ iṣẹ́ àwọn ọmọ mọ́. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá béèrè ìtàn, ẹ má sọ pé ẹ kò ráyè. Ẹ̀yin awo àti ẹ̀yin ìyá òrìṣà, bí Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe bá ti ń bọ̀, kí a yọ wákàtí kan sílẹ̀ nínú ètò wa fún àwọn ọmọ girama láti ka ohun tí wọ́n kọ, yálà ọmọ wa ni wọ́n tàbí ọmọ aládùúgbò. Kí àwọn àgbà dákẹ́ fún wákàtí kan náà.

Àwọn ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ bíi Àtẹ́lẹwọ́ ti ń gbé ìdíje kalẹ̀ fún ìwé àpilẹ̀kọ Yorùbá. Ilẹ̀kùn ṣí fún ẹni tó bá ní ohun lọ́wọ́. Ọmọbìnrin tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ohun lọ́wọ́, ó sì dá wa lójú pé irú rẹ̀ kò kéré láti Ìlá dé Ọ̀rà. Ẹ jẹ́ kí a rí i pé máàkì kò tún ní sọ wọ́n di elékèé lórí ilé baba wọn.

Kí Ọ̀rúnmìlà bá wa tún ìwà àwọn ọmọ wa ṣe. Kí ọwọ́ wọn má gbọ̀n nígbà tí wọ́n bá ń kọ òótọ́. Àṣẹ.